Àṣẹ Tó Wà Nínú Ìkéde Tó Pẹ́ Dé

Ilé wa, Ìlobù,
Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú.

Mojísọ́lá, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ara wa le, àfi èmi nìkan tí ọkàn mi kò balẹ̀, ìwọ lo sì gbé e sókè. Má fòyà, kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá rẹ ń kọrin lẹ́yìnkùlé bí mo ti ń kọ èyí. Láti ìgbà tí o ti padà sí Èkó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ọmọ òun ti rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún ọmọ náà ni pátákó ìkéde kan nínú íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọmọ Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn tó wà lókè òkun yóò ti máa kí ara wọn, tí wọn yóò ti máa kéde ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọ. Ó ti gba Ìfọ́n lọ, ó ti sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ pé orúkọ rẹ ni yóò wà nísàlẹ̀ ojúewé náà, orúkọ ọmọ tí ìyá Ìfọ́n bí fún bàbá Ìlobù. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti kọ̀wé sí àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ìparí oṣù yìí, lọ́jọ́ tí ẹ ó ṣí i.

Inú èmi náà dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń dìde lẹ́ẹ̀kejì lọ wò ó bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ní bí òjò bá ṣú ní Ẹdẹ, èmi ni mo máa ń sáré kó aṣọ ní Ìlobù. Kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Mo fẹ́ sọ nípa ejò tó bù mí jẹ fún ọ, nítorí mo rí ìrù rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí o ṣàlàyé fún mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo fetí sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la jókòó sí, o fi igi ya àpótí kan sórí iyẹ̀pẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ojúewé yìí á kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tó ń wò ó á rí àkọlé, á rí àwòrán ìlú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojúewé fúnra ẹ̀ á wá ránṣẹ́ lọ bu àwọn ìkéde tuntun wá, torí okùn tẹlifóònù tí íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń gbà wọlé ń fà, a ò fẹ́ kéèyàn jókòó kó máa wo òfìfo."

Mo ní, "Ó yé mi. Ìkéde dé lẹ́yìn tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀."

O rẹ́rìn-ín, o ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. O ní ẹni tó bá fi ìkéde ránṣẹ́ lè fi àṣẹ pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní sikiríìpù: kí lẹ́tà máa ṣẹ́jú, kí òdòdó máa jábọ́ sórí orúkọ ìyàwó, kí orin dún. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà. Àṣẹ tó bá bá ojúewé wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń ṣe é. Èyí tó bá wà nínú ìkéde tó pẹ́ dé, kọ̀ǹpútà á gbà á wọlé, á sì jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ bí adití. Òdòdó kò jábọ́, orin kò dún, ọ̀gá rẹ sì ń fapá jánú.

O wá ní, ojú rẹ ń dán, "Mo kọ nǹkan kan, Bàbá. Bí ìkéde bá ti dé báyìí, á tú inú ẹ̀ wò, á ṣa gbogbo àṣẹ ibẹ̀ jáde, á wá máa mú wọn ṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá. Kò ní ku ọ̀kan."

"Ta ló kọ àwọn àṣẹ náà?"

"Ẹni tó bá fi ìkéde ránṣẹ́ ni."

Mo pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àní mo pàtẹ́wọ́! Ìyá rẹ yọ láti inú ilé, ó bá wa pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí a ń yọ̀ sí. Lẹ́yìn náà lo wá sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn dòní, o sì fi ẹ̀rín sọ ọ́. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kọ ìkéde kan, ó fi àṣẹ sínú rẹ̀, gbogbo pátákó náà sì di pupa. Àkọlé parẹ́. Ohun tó kù níbẹ̀ ni "Mojí, dìde ká lọ jẹun." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, ẹ sì lọ jẹun.

Mojí, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ṣe ìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ ńkọ́? Ẹni tí kò fẹ́ràn Ìfọ́n ńkọ́, tàbí tí kò fẹ́ràn Ìlobù? O mọ ohun tó wà láàrin ìlú méjèèjì lórí ilẹ̀, n kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá jókòó síbi tí a kò mọ̀, tó pa àkọlé yẹn rẹ́, tó kọ èébú sí ojú rẹ̀, abẹ́ èébú yẹn ni orúkọ rẹ yóò wà. Ta ni yóò gbà pé ìwọ kọ́? Ta ni yóò gba ìyá rẹ gbọ́ nílé bàbá rẹ̀? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó, àwọn tó sì máa yọ ọfà kò ní dúró bi kọ̀ǹpútà léèrè ọ̀rọ̀.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ìtàn mi. O ti gbọ́ ìdajì rẹ̀ rí, nítorí kò sí ìpàdé ẹbí ní Ìfọ́n tí wọn kì í fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ìdajì tó ń pani lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ìdajì kejì la kì í sọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Ohùn mi ń ró dáadáa nígbà náà, ni ìjọ wa bá ní èmi ni n óò máa ka ìkéde. Bí a ti í ṣe é nìyí: gbogbo ìkéde gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ akọ̀wé ìjọ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Akọ̀wé yóò kà á, yóò bi ẹni tó mú un wá ní ìbéèrè, yóò sì dà á kọ sínú ìwé ńlá. Ohun tó wà nínú ìwé ńlá nìkan ni èmi gbọ́dọ̀ kà. Ìkéde tó bá dé lẹ́yìn tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ yóò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àgbà kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Ohun tí mo rí ni pé àwọn èèyàn ń bínú, pé ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú lóru Sátidé kò rí ẹni bá a kéde. Mo bá sọ fún ìjọ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ìkéde rẹ̀ bá pẹ́, kó nà án sí mi lójú fèrèsé, èmi yóò kà á. Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lójú àánú. Mo ń rìn nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ọwọ́ kan na pébà sí mi lójú fèrèsé bí a ti ń kọrin ìdáwó. N kò rí ojú ẹni tó mú un wá. N kò kà á sínú kí n tó kà á síta. Mo là á, mo gbé ohùn sókè: "Kí gbogbo ọkùnrin ìjọ mú àdá àti ọkọ́ lẹ́yìn ìsìn yìí, kí wọ́n lọ ṣán ọ̀nà odò, láti orí afárá títí dé ìdí igi odán. Kí wọ́n má fi ohunkóhun sílẹ̀ ní ìdúró."

Ìjọ ṣe "Àmín". Bí a ti túká ni wọ́n kọrí sílé lọ mú àdá. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan, nítorí iwájú ìjọ ni ohùn náà ti wá.

Ìjọ wa tó wà ní Ẹ̀rìn ni wọ́n kọ ìkéde yẹn sí. Ẹni tí wọ́n fi rán kò mọ ọ̀nà, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún wa. Àwọn ará Ẹ̀rìn náà ní odò, wọ́n ní afárá, wọ́n ní igi odán. Ìlú wo ni kò ní? Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ká ní Ẹ̀rìn ni wọ́n ti kà á ni, iṣẹ́ rere ni ìbá jẹ́, ọ̀nà ìbá mọ́, àwọn obìnrin ìbá rí ibi gbà lọ pọnmi. Ṣùgbọ́n ní tiwa, odò tó ní afárá ni èyí tó wà lọ́nà Ìfọ́n. Láàrin afárá náà sí ìdí igi odán sì ni oko iṣu bàbá ìyá rẹ wà, ẹni tí ìwọ mọ̀ sí Bàbá Ìfọ́n. Mo ti ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà nígbà náà. A ti dá ọjọ́ ìdáná.

Kí n tó bọ́ aṣọ ìsìn, kí n tó sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n ti ṣán ọ̀nà tán, wọ́n ti wọ oko. Ìkéde kúkú ní kí wọ́n má fi ohunkóhun sílẹ̀ ní ìdúró. Wọ́n gé ọ̀pá tí iṣu ń gùn, wọ́n gé ìtàkùn tútù mọ́ ọn. Lápá kejì, àwọn ará Ìfọ́n rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìlobù tó mú àdá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, lórí ilẹ̀ tí ẹnu kò kò lé lórí. Kí ni ìwọ ìbá rò? Àwọn náà mú tiwọn, wọ́n ń bọ̀. Mo dúró láàrin oko, n kò mọ apá ibi tí n óò kọjú sí.

Bàbá Ìfọ́n ló kọ́kọ́ dé. Ó wo iṣu rẹ̀ nílẹ̀. Ó fi àdá tirẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló rán yín?"

Ẹnì kan dáhùn pé, "Ìjọ ni, Bàbá."

"Ta ni nínú ìjọ?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ebè.

"Àna mi, ìwọ lo ní kí wọ́n wá gé iṣu mi?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo kàn kà á ni."

"Ta ló kọ ọ́?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó ní, "O ò mọ̀ ọ́n, o wá yá a lẹ́nu."

Jíjókòó tó jókòó yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, nítorí kò sí ọmọ Ìfọ́n tó lè fo àgbà tó jókòó kọjá kó lọ jà. Àwọn tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá sílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣùgbọ́n iṣu kò padà sórí ọ̀pá, ọjọ́ ìdáná sì yẹ̀. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ní n kò gbọ́dọ̀ yọjú sílé wọn. Ìyá rẹ tó ń kọrin yìí, ó sunkún lọ́dún náà títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn tí wọn yóò fi í fún. Nígbà mìíràn tí mo bá wò ọ́, ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí n kò kọ́kọ́ kà sínú ló kù díẹ̀ kó má jẹ́ ká bí ọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì tán lára mi, Mojí. Kí n sọ òótọ́, ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ mi.

Èkíní, bi kọ̀ǹpútà yẹn léèrè ìdí tó fi kọ̀. O sọ fún mi pé láti ilé ibi tí wọ́n ti ṣe é ló ti jẹ́ pé àṣẹ tó bá pẹ́ dé, kì í dá a lóhùn. O rí ìyẹn bí àléébù, o sì bá a tún un ṣe. Ṣé ó dá ọ lójú pé àléébù ni? Nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, bíréèkì rẹ̀ máa ń ha táyà, kò jẹ́ kó yí geere. Mo mú sípánà, mo tú u sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń lọ wọ̀ọ̀ bí afẹ́fẹ́. Inú mi dùn títí mo fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ẹ̀rìn. Orí láfún tí ìyá àgbà kan sá sẹ́bàá ọ̀nà ni mo bá ara mi, funfun ni mo sì fi wọlé. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀mí mi. Ìlànà Sátidé ìjọ wa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo rò pé ó ń ni àwọn èèyàn lára, n kò mọ̀ pé òun ló ń gbé àdá pa mọ́. Ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn, ó ṣeé ṣe kí òun náà ti rí oko tí wọ́n ṣán rí.

Èkejì, ya ohun tí a ń kà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń ṣe. Ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, pátákó wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè fi ẹfun kọ ohun tó bá wù ú sí i. A ti rí i tí ọmọ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ti padé. Àwọn ọmọ kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó, nítorí agogo kò dún. Agogo ni ó ń mú ọmọ dìde, inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni agogo sì máa ń wà. Pátákó lo ń kọ́ fún àwọn ará ìlú, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n o ti gbé agogo tì í síta, o sì ní kí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá máa lù ú. Gbé agogo wọlé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí òdòdó jábọ́ sórí orúkọ ìyàwó rẹ̀, kó sọ pé òdòdó lòun fẹ́, kí ìwọ fúnra rẹ sì ti kọ àṣẹ òdòdó kan sílẹ̀, àṣẹ tìrẹ, tí o mọ gbogbo inú rẹ̀. Kó yan òdòdó tàbí orin nínú ohun tí o bá tẹ́ síwájú rẹ̀. Èyí tó bá mú ti ara rẹ̀ wá, kó jẹ́ kíkà lásán.

Má sì rò pé ẹni burúkú nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Ẹni tó kọ ìkéde Ẹ̀rìn kì í ṣe ẹni burúkú. Àṣẹ tó dára nílé ẹni tó kọ ọ́ lè ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Ẹnì kan lè kọ ọ́ pé kí gbogbo nǹkan tó wà lójúewé parẹ́ kí àwòrán ìyàwó òun lè hàn, nílé tirẹ̀ kò burú, ní tìrẹ yóò pa ìkéde ìsìnkú ẹlòmíràn rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá a.

Ẹ̀kẹta. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ, kò mọ ẹrú, kò mọ ọmọ, kò sì ní jókòó tì àdá bí Bàbá Ìfọ́n. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n ni kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wá ẹnì kan tí yóò máa ka ìkéde kí ó tó jáde. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, kó pẹ́. Ìkìlọ̀ yìí yóò dùn ọ́, nítorí kíá ni ọ̀gá rẹ ń fẹ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Nípa ọ̀gá rẹ yìí náà. O ní ó pè ọ́ síwájú gbogbo ọ́fíìsì, ó yìn ọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, orí rẹ pé. Ṣùgbọ́n ìyìn ló mú èmi náà dúró lójú fèrèsé. Ó ṣòro gan-an láti padà lọ sọ fún ẹni tó yìn ọ́ pé ohun tó yìn ọ́ sí kò tíì dára. Kí o lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ bá a lóun nìkan, kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe kọ́ ọ, kí o wí pé, "Ẹ má bínú sà, mo rí ihò kan nínú iṣẹ́ mi." Bó bá bi ọ́ pé ta ló fi ẹ̀rù sí ọ nínú, sọ pé bàbá rẹ ni, tíṣà àtijọ́ kan ní Ìlobù tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Kó bú mi. Ó sàn kó bú mi ju kí àwọn ará Ìfọ́n bú ìyá rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó kọ "dìde ká lọ jẹun", má bá a jà o. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òun ló fi ibi tó lanu hàn ọ́. Ra mínírà fún un. Bó bá sì jẹ́ pé ó ní ohun mìíràn lọ́kàn pẹ̀lú oúnjẹ tó ń pè ọ́ lọ jẹ yẹn, mo fẹ́ mọ ìlú tó ti wá. Ìyá rẹ ló ní kí n bi ọ́, kì í ṣe èmi.

Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun àárọ̀. Kí o má máa fi bisikíìtì tan ara rẹ jẹ. Kí o sì wá ìjọ tó sún mọ́ ilé, kí o fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ẹni tó ń wojú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ní Èkó, bó bá sọnù, ta ni yóò mọ̀? Mo ti ṣìnà nínú ohun tí mo ń kà, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ni èyí tàbí ẹ̀karùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé...

Mojí, mo dá ìwé yìí dúró níbẹ̀ yẹn lánàá... rárá, òwúrọ̀ yìí ni, ọkàn mi ló ń dà rú. Bí mo ti ń kọ ọ́ dé ìhín ni ìyá rẹ wọlé, ó ń jó. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ ẹbí wọn kan láago ní Òṣogbo, ẹni náà ló ránṣẹ́ wá bá a, ó ní ẹ ti kọ̀wé sí àwọn pé ẹ ò dúró de ìparí oṣù mọ́. Sátidé yìí ni ẹ ó ṣí i. Ìyá rẹ ní gbogbo wọn ni yóò jókòó sídìí rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé àwọn ará Ìlobù náà yóò wà níbẹ̀, pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí látọjọ́ tí òun ti gbọ́njú. Ó ní kí n dìde wá bá òun jó. Mo dìde, mo jó díẹ̀. Kí ni n bá ṣe? Ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ rí i pé ẹkún ọdún yẹn kò já sí asán. Ọmọ wa ni Ọlọ́run fi nù mí lójú."

N kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Ọjọ́rú lòní. Lẹ́tà tí mo bá jù sí ilé ìfìwéránṣẹ́ nísinsìnyí, ẹ̀yìn Sátidé ni yóò tó dé ọwọ́ rẹ, bó bá tilẹ̀ dé. Nọ́ńbà tẹlifóònù ọ́fíìsì yín tí o fi sílẹ̀, mo lọ gbìyànjú rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń dún lásán. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé n óò lọ fi ojú mi han dókítà ní Òṣogbo lọ́la, pé mo lè sun ọ̀dọ̀ àbúrò mi níbẹ̀. Èkó ni mò ń bọ̀.

Bí o bá ń ka èyí, èmi ni mo mú un wá. Mo fi í rán ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín pé kó gbé e gòkè fún ọ. Mo mọ̀ pé ẹnu mi kò lè sọ ọ́ tán, ìwọ náà yóò kàn ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu," n óò sì gbé ẹnu mi dákẹ́ nítorí mo fẹ́ràn rẹ jù. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn. Mo wà nísàlẹ̀, níbi tí àlejò ń jókòó sí. Àpò gààrí àti ẹ̀wà tí ìyá rẹ rò pé àbúrò mi ni mò ń kó o lọ fún wà lẹ́sẹ̀ mi.

Má sáré wá kí mi. Má wá kúnlẹ̀. Kọ́kọ́ padà sídìí kọ̀ǹpútà, kí o yọ nǹkan tí o kọ yẹn kúrò, kí o tó sọ̀kalẹ̀. Bí o bá sì rò ó pé ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú, pé kò sí ohunkóhun tí yóò ṣẹlẹ̀, n kò ní bá ọ jà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, n óò gbé àpò yìí fún ọ, n óò sì padà sílé. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, wá jókòó tì mí, kí o kọ́ mi ní ohun tí n óò sọ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó má wọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ,
tó ń dúró dè ọ́ nísàlẹ̀.